Òógùn Kan Kò Gbọdọ̀ Ṣòfò: Aṣọ àti Ilé Inú Fíìmù Dune

Nínú ìwé Dune tí Frank Herbert, ará Amẹ́ríkà, tẹ̀ jáde lọ́dún 1965, aṣọ kan wà tí ẹni tó wọ̀ ọ́ fi ń mu òógùn ara rẹ̀. Arrakis ni wọ́n ń pe ayé tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Iyanrìn ni gbogbo rẹ̀, òjò kì í rọ̀ níbẹ̀, omi ló sì wọ́n jù. Àwọn Fremen tó ń gbé aṣálẹ̀ náà kì í jáde láìwọ aṣọ yìí. Ó lẹ̀ mọ́ ara pinpin, ó sì ní ìpele: ti inú ń jẹ́ kí òógùn kọjá, àwọn tó tẹ̀ lé e ń yọ iyọ̀ inú rẹ̀. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ pàápàá, ibi itan ni wọ́n ti ń sẹ́ omi inú wọn. Ìrìn ẹsẹ̀ àti èémí ló ń ti omi náà lọ sínú àwọn àpò kéékèèké, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lọ́rùn tí wọ́n fi ń fà á mu. Tí aṣọ náà bá jẹ́ ojúlówó, omi tí ẹni tó wọ̀ ọ́ máa pàdánù lójúmọ́ kò ju èyí tó lè kún irin tí télọ̀ ń kì bọ ìka.

Ẹni tó ń kọ̀wé lè fi gbólóhùn mẹ́wàá rán irú aṣọ bẹ́ẹ̀ tán. Ọ̀dọ̀ télọ̀ ni wàhálà wà. Aṣọ náà gbọ́dọ̀ jọ ẹ̀rọ, síbẹ̀ kí òṣèré lè fi sáré, kó fi jà, kó fi gun òkìtì iyanrìn nínú oòrùn tí kì í ṣe ti eré. Nígbà tí David Lynch sọ ìwé náà di fíìmù lọ́dún 1984, Bob Ringwood ló ṣe aṣọ rẹ̀: rọ́bà dúdú tí wọ́n mọ bí ara èèyàn, tí iṣan àyà àti ti ikùn yọ síta. Fíìmù náà kò pa owó tí wọ́n retí, ṣùgbọ́n aṣọ yẹn kò kúrò lójú àwọn tó wò ó.

Denis Villeneuve, ará Kánádà, ló tún ìwé náà gbé fún fíìmù tó jáde lọ́dún 2021, ó sì fa iṣẹ́ aṣọ lé Jacqueline West àti Bob Morgan lọ́wọ́. Aṣọ ayé àtijọ́ ni wọ́n mọ West mọ́, irú èyí tó ṣe fún fíìmù The Revenant. Ó tiẹ̀ kọ́kọ́ kọ iṣẹ́ náà, ó ní fíìmù sáyẹ́ǹsì kì í ṣe ọ̀nà òun. Àfàìmọ̀ kó má jẹ́ ohun tó mú un yẹ nìyẹn. Ìtàn ìgbà tó ti kọjá ló lọ tú wò, kì í ṣe fíìmù ojú òfúrufú. Aṣọ ológun àwọn Atreides, ìdílé tó wá ṣàkóso Arrakis nínú ìtàn náà, wá láti ara ti àwọn Romanov, ìdílé ọba tó jẹ kẹ́yìn ní Rọ́ṣíà, tí wọ́n pa; ẹni tó bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn Atreides ń lọ. Ayaba inú ayò chess àti àwòrán ara káàdì tarot ni wọ́n wò ṣe ti àwọn obìnrin awo Bene Gesserit. Kòkòrò ni wọ́n wò fún àwọn Harkonnen, ọ̀tá àwọn Atreides. Fún àwọn Fremen, wọ́n wo àwọn Tuareg àti àwọn Bedouin, tí wọ́n ti bá aṣálẹ̀ gbé pẹ́.

Ní ti aṣọ omi yẹn, Jose Fernandez ló ṣe àwòṣe rẹ̀ nílé iṣẹ́ rẹ̀ ní Los Angeles, kí iṣẹ́ tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn aránṣọ ní Budapest, olú-ìlú Húńgárì. Ara òṣèré kọ̀ọ̀kan ni wọ́n wọ̀n tirẹ̀ sí. Omi kankan kò gba inú rọ́bà tó yí apá àti àyà ká, ṣùgbọ́n wọ́n tò ó débi tí ojú òǹwòran fi lè tẹ̀ lé ọ̀nà omi láti ara dé ẹnu. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó rí bí èyí tí wọ́n fi ń di egbò, ni wọ́n dà bò ó, tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti iyanrìn mu, kí Fremen tó bá lúgọ lè dà bí àpáta.

Ibì kan wà tí fíìmù náà ti rú òfin ìwé. Fremen inú ìwé ń bo imú àti ẹnu nínú aṣálẹ̀, nítorí omi ń bá èémí jáde. Nínú fíìmù, ojú àti orí ló sábà máa ń wà ní gbangba. Ìdí rẹ̀ kò lè fara sin: kò sẹ́ni tó máa sanwó òṣèré ńlá kó wá fi aṣọ bo ojú rẹ̀ fún wákàtí méjì.

Patrice Vermette ló ṣètò ilé àti ibùgbé. Ohun tó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni bí èèyàn ṣe máa kọ́lé síbi tí ìjì rẹ̀ lè bó ẹran kúrò lára egungun, tí oòrùn rẹ̀ sì ń pani. Ìdáhùn rẹ̀ ló di ìlú Arrakeen. Ògiri ibẹ̀ kò dúró ṣánṣán. Ó fì sẹ́yìn kí ìjì lè gorí rẹ̀ kọjá. Ó nípọn bíi ti ibùba ológun ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì tún ń ránni létí àwọn òkè tẹ́ńpìlì Mesopotámíà. Fèrèsé gbàràgàdà kò sí: ihò tóóró ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, á kọ́kọ́ lu ògiri kó tó dé ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn yàrá ààfin ibẹ̀ fi ń ṣú lójú ọ̀sán. Sítúdíò Origo ní Budapest ni wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Aṣálẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ Wadi Rum ní Jọ́dánì àti iyanrìn Abu Dhabi.

Ọkọ̀ òfúrufú inú ìtàn náà, tó ń ju ìyẹ́ bíi lámilámi, kì í ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà nìkan. Wọ́n kan án ní ìwọ̀n gidi, èyí tó tóbi jù wúwo ju tọ́ọ̀nù 10 lọ, wọ́n sì fi bàálù gbé e lọ sí Jọ́dánì. Láti ya ìran inú rẹ̀, wọ́n gbé ibi ìjókòó awakọ̀ sórí òkè kan nítòsí Budapest, lórí ẹ̀rọ tó ń mì ín síwá sẹ́yìn. Àwọ̀ ewé tàbí búlúù ni aṣọ tí wọ́n máa ń ta sẹ́yìn òṣèré nírú iṣẹ́ yìí, kí kọ̀ǹpútà lè rí i yọ kúrò. Àwọ̀ yẹn a sì máa tàn sára òṣèré. Paul Lambert, tó darí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ta aṣọ aláwọ̀ iyanrìn dípò rẹ̀. Ohun tó wá ń tàn sójú òṣèré jẹ́ àwọ̀ aṣálẹ̀ gan-an, tí kọ̀ǹpútà bá sì yí àwọ̀ náà sódì, búlúù ló máa dà.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, Vermette àti Zsuzsanna Sipos, tó to ohun èlò inú ilé, gba ẹ̀bùn Oscar fún ètò ilé. Wọ́n dárúkọ West àti Morgan fún ti aṣọ, ṣùgbọ́n Cruella, fíìmù tí aṣọ rẹ̀ ń pariwo láti òpin títì, ló gbé e lọ.

Apá kejì, tó jáde lọ́dún 2024, gbé ìṣòro mìíràn wá. Ayé àwọn Harkonnen ní oòrùn dúdú, Greig Fraser tó di kámẹ́rà mú sì pinnu láti fi ìmọ́lẹ̀ infrared, tí ojú èèyàn kò lè rí, ya ìran ìta ibẹ̀. Awọ ara funfun báláú bí òkú. Ibi aṣọ ni nǹkan ti dojú rú: dúdú ni wọ́n rán an, àmọ́ níwájú kámẹ́rà yìí òmíràn funfun gbòò, òmíràn dúró dúdú, bí aró àti òwú rẹ̀ bá ṣe rí. Kò sí bí télọ̀ ṣe lè fojú mọ èyí tó máa yí padà. Ó di dandan kí West máa gbé aṣọ wá síwájú kámẹ́rà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó mọ èyí tó ṣì máa jẹ́ dúdú.