Akọrin Tí Ó Ńdá Rìn

Akọrin tí ó ńdá rìn kò ní ẹlẹgbẹ́ tí yíò gbèjà rẹ̀. Benjamin Adérounmú, afọ́jú ọmọ Ọ̀wọ̀ tí Èkó mọ̀ sí Kòkòrò, kú ní 2009. Ẹni tí kò ríran, etí ni ó fi ńmọ ewu.

Ọgbọ́n náà yẹ akọrin Kòsọ́fẹ́. Èrò àti owó wà ní ọjà Máìlì 12. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹta 2016 ìjà bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ìjọba sì ti ọjà pa. Kí ó dúró ti àwọn ìyá aláta tí nwọ́n mọ̀ ọ́n, kí ó sì mọ ọ̀nà àbájáde kí ó tó kọrin.

Ẹ̀nyin ìyá, bí ariwo ọjà bá yípadà, ẹ tètè ta á lólobó: ìkìlọ̀ pẹ̀lú jẹ́ ọrẹ.