Ọ̀bẹ Àpò: Bí A Ṣe Ń Fi Ọwọ́ Kan Ṣí I

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ọmọ Oòduà tí ẹ̀kọ́ gbé kọjá Odò Ọya, ohun tí a fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe èyí tí olùkọ́ yóò bi yín nínú ìdánwò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wọ Ọjà Ogbete ní ọjọ́ Sátidé mọ̀ pé ọwọ́ méjì kì í tó ènìyàn níbẹ̀. Ọwọ́ kan di báàgì mú, èkejì ń ṣọ́ àpò owó. Bí a bá tún dé ibùdókọ̀ Holy Ghost níwájú ọjà, tí a fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Èkó, apá kan ti gbá ẹrù mọ́ra, okùn kan sì wà tí a gbọ́dọ̀ gé. Ọ̀bẹ àpò wà nínú ṣòkòtò lóòótọ́, àmọ́ ta ni yóò bá wa ṣí i? Eyín ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń lò. Eyín kọ́ ni a fi ń ṣí ọ̀bẹ!

Kì í ṣe gbogbo ọ̀bẹ àpò ni wọ́n ṣe fún ọwọ́ kan. Èyí tí àwọn bàbá wa mọ̀, tí a fín ihò tẹ́ẹ́rẹ́ sí lára kí èékánná lè wọ̀ ọ́, ọwọ́ méjì ló ń fẹ́. Irú rẹ̀ ni èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ-ogun Switzerland ní 1891. Irú rẹ̀ náà ni Okapi, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ní Solingen ní ilẹ̀ Jámánì ní 1902 láti kó wá sí Áfíríkà. Sípíríǹgì tó wà lẹ́yìn èèkù ló ń di irin rẹ̀ mú, ó sì le. Ẹni tó bá fẹ́ fi àtàǹpàkò kan ṣoṣo bá sípíríǹgì yẹn jà, ẹ̀jẹ̀ ló ń wá.

Ní 1981 ni ilé-iṣẹ́ Spyderco ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀bẹ kan jáde tó ní ihò róbótó lára irin rẹ̀, tí àtàǹpàkò lè rí ibi dì mú. Àwọn aṣọ̀bẹ mìíràn ń fi kókó kékeré sí i dípò ihò. Ọ̀kan nínú méjèèjì ni kí ẹ wò nígbà tí ẹ bá dúró níwájú àtẹ, kí ẹ tó bi ọlọ́jà ní “Ego ole?” tí gbogbo wa ti mọ̀ ọ́n bi. Ẹ ṣí i lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó bá ṣí tán, ẹ tẹ ẹ̀yìn irin rẹ̀ mọ́ igi àtẹ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ó bá fẹ́ ká padà, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣí i. Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ọmọdé kò bá tíì tẹ èèkù idà, kì í bèèrè ikú tó pa baba rẹ̀. Èèkù náà ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ̀yìn èèkù kọjú sí ìdí àtàǹpàkò yín, kí àlàfo tí irin ti ń jáde kọjú síta. Ẹ̀gbẹ́ èèkù tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni kí orí ìka mẹ́rin tó kù tẹ̀ mọ́. Kí ìkankan nínú wọn má ṣe ká bo àlàfo náà, nítorí ibẹ̀ ni ojú ọ̀bẹ ń gbà kọjá. Kí wọ́n má sì tẹ irin fúnra rẹ̀ mọ́ èèkù, torí pé bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tí ẹ tún ń tì í, kò níí ṣí títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ẹ wá gbé ẹran orí àtàǹpàkò lé kókó tàbí ihò náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni pé wọ́n ń tì í sókè tààrà. Irin kò gba ọ̀nà tààrà, ìdajì àyíká ló ń yí. Ẹ kọ́kọ́ tì í síta, kúrò lára èèkù, kí ẹ tó máa gbé e lọ sókè, bí ẹni ń fi àtàǹpàkò ya ìdajì òṣùpá. Ìbẹ̀rẹ̀ ló máa ń le, nítorí pé nínú ọ̀pọ̀ irú ọ̀bẹ yìí, wóró irin kékeré kan wà tó ń di irin mú kó má baà ṣí nínú àpò. Tó bá ti kọjá ibẹ̀, ẹ dẹ ọwọ́, kí àtàǹpàkò máa bá a lọ títí ẹ ó fi gbọ́ “kọ̀”. Ọrùn ọwọ́ kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ́ ọ, kí ó lẹ sẹ́lótéèpù tó nípọn mọ́ ojú ọ̀bẹ, kí ó jókòó, kí ẹnikẹ́ni má sì wà níwájú rẹ̀.

Ní tiwa, pípadé ló ń bà wá lẹ́rù ju ṣíṣí lọ. Nínú èyí tó wọ́pọ̀, ahọ́n irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú èèkù ló ń ti ọ̀bẹ pa. Àtàǹpàkò ni a fi ń tì í sí ẹ̀gbẹ́, àtàǹpàkò yẹn gan-an ló sì dúró sí ojú ọ̀nà irin tó ń padà bọ̀. Ẹ ká irin náà díẹ̀ kí ahọ́n má lè dí i mọ́, ẹ yọ àtàǹpàkò kúrò pátápátá, kí ẹ tó pa á dé. Bí ọwọ́ kejì bá ṣófo, ẹ fi pa á dé jàre. Kò sí ẹ̀bùn fún ẹni tó fi ọwọ́ kan pa á dé.

Bí ọ̀bẹ bá ń le, kì í ṣe agbára ló kù. Omi ọsàn àti eruku pupa Enugu yìí, pàápàá nígbà ọyẹ́, ló ti di mọ́ ìdè rẹ̀. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ kán òróró máṣíìnì ìránṣọ ẹ̀kán kan sí i. Ẹ má fi òróró ẹ̀pà, ìdọ̀tí ni yóò tún lẹ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ wá dé ibi tó gbóná. Àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ràn láti máa fi ọ̀bẹ ju “ṣáà!” bí òṣèré fíìmù. Láti ọjọ́ 10 oṣù Keje 1999 tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún ní yunifásítì Ifẹ̀, kò sí ọgbà ilé-ìwé tí ìró bẹ́ẹ̀ kò ní já àyà ènìyàn níbẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò dúró bi yín bóyá ọsàn lẹ fẹ́ bó. Àlejò sì ni wá níhìn-ín, ìdajì àwọn tó ń wò wá ni kò gbọ́ èdè tí a ó fi ṣàlàyé ara wa. Nítorí náà ni a ṣe ń tẹnu mọ́ àtàǹpàkò tó ń lọ jẹ́jẹ́. Ẹ kọjú ọ̀bẹ sílẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ gé kí ẹ tó yọ ọ́. Bí àgbà bá tọrọ rẹ̀, ẹ pa á dé kí ẹ tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ẹ sì ka ìwé òfin ilé-ìwé yín. Bí ó bá ní kí ọ̀bẹ má wọ hóstẹ́ẹ̀lì, ilé ni kó wà.

Ẹni tó bá ń lọ kí ẹ̀gbọ́n ní Peckham, kí ó fi tirẹ̀ sílẹ̀. Lábẹ́ òfin tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1988, ọ̀bẹ àpò tó ń ká, tí kò ní ohun tó ń tì í pa, tí ojú rẹ̀ kò sì ju íǹṣì mẹ́ta lọ nìkan ni ènìyàn lè mú rìn ní ìgboro láìsí ìdí pàtàkì. Èyí tó ń dún “kọ̀” yẹn kò sí lára rẹ̀.