Bẹ́líìtì Ọkọ̀: Kí Ló Dé Tó Fi Ń Fà, Kí Ló Dé Tó Fi Ń Há?

 

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́ja tó máa ń ná ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wa fi rẹ́rìn-ín. Ó ní iwájú ọkọ̀ lòun jókòó sí láti Ẹ̀pẹ́ wá sí Ìkòròdú. Awakọ̀ ní kóun de bẹ́líìtì, òun sì dè é. Ṣùgbọ́n bóun bá tẹ̀ síwájú, bẹ́líìtì á tẹ̀ lé òun. Bóun bá fẹ̀yìn tì, á tún padà. Ó ní, “Ohun tí kò lè dá mi dúró kí n má bẹ̀rẹ̀ mú báàgì mi, ṣé òun ni yóò dá mi dúró bí ọkọ̀ bá forí sọ tírélà?” A rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ kò sẹ́ni tó rí èsì fún un. Ìbéèrè gidi ni. Ọ̀pọ̀ wa ni kì í de bẹ́líìtì nítorí ohun kan náà, tí a rò pé ó ti bàjẹ́.

Kò bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Níbi tí bẹ́líìtì gbé ń wọlé, ní ìsàlẹ̀ òpó ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kẹ̀kẹ́ kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ká bẹ́líìtì mọ́ bí òwú ìránṣọ. Sípíríìnì pẹlẹbẹ kan, irú èyí tó máa ń wà nínú aago tí a ń wáyà láyé àtijọ́, ló ń fà á padà sílé. Iṣẹ́ sípíríìnì kò ju ìyẹn lọ. Òun kọ́ ló ń gba ẹ̀mí là.

Eyín ló ń gbà á là. Etí kẹ̀kẹ́ náà ní eyín yíká bí eyín ayùn, ọta irin roboto kan sì jókòó sínú abọ́ kékeré lábẹ́ rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń lọ jẹ́ẹ́, ọta náà á jókòó jẹ́ẹ́, a lè bẹ̀rẹ̀ mú báàgì bó ṣe wù wá. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá tẹ búréèkì lójijì, tàbí ọkọ̀ gbá nǹkan, tàbí ó fẹ́ dojú dé, ọta yìí á yí gun etí abọ́, bí omi ẹja ṣe máa ń dà síwájú nínú ọpọ́n nígbà tí dánfó bá dúró gìrì. Bó ṣe ń gun etí abọ́ ni yóò ti irin kékeré kan sókè, irin náà á kọ́ eyín kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ ò sì ní yí mọ́. Gbogbo ìyẹn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá.

Ọ̀pọ̀ jù nínú wọn tún ní ọ̀nà kejì: bí a bá já bẹ́líìtì gbà lójijì, òun fúnra rẹ̀ á há. Ìdí nìyẹn tí kì í fi jáde nígbà tí a bá ń kánjú. Ẹ dá a padà díẹ̀, kí ẹ tún fà á pẹ̀lẹ́.

Àmọ́ kó há nìkan kò tó. Ẹ wo aláàárù tó ru agbọ̀n tòmátì ní Máìlì 12. Bó bá sọ ọ́ lulẹ̀ láti orí, omi ọbẹ̀ la ó kó. Bí ẹni méjì bá gbà á, tí wọ́n tẹ orúnkún bá a lọ sílẹ̀, tòmátì á pé. Agbọ̀n kan náà ni, láti orí kan náà. Bó ṣe dúró ló yàtọ̀. Ara wa náà nìyẹn. Bí ọkọ̀ bá ń sá eré kìlómítà 50 ní wákàtí kan tó sì forí gbá nǹkan, bí ẹni tó já láti òrùlé ilé alájà mẹ́ta ni. Obìnrin oní-kílò 70 tí kò de nǹkan kan, tí dáṣíbọọ̀dù dá dúró láàárín sẹ̀ǹtímítà 5, ohun tó bà á wúwo tó nǹkan bí 270 àpò ìrẹsì oní-kílò 50. Bí ó bá de bẹ́líìtì, tí imú ọkọ̀ ń rún wọlé tí bẹ́líìtì náà sì ń gùn, tó fi rìn tó sẹ̀ǹtímítà 50 kó tó dúró, á di nǹkan bí àpò 27. Ó ṣì wúwo o, ó lè fi ara bó, ó lè ṣẹ́ egungun àyà, àmọ́ èèyàn lè yè é.

Ohun tó ń jẹ́ kó gùn ni pé aṣọ bẹ́líìtì náà máa ń fà díẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ìgbàlódé, ọ̀pá irin kan tún wà láàárín kẹ̀kẹ́ yẹn tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe kó lè lọ́. Bí ẹrù ara bá pọ̀ jù, ọ̀pá náà á lọ́ bí aṣọ tí à ń fún omi lára rẹ̀, á sì tú bẹ́líìtì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó má baà fọ́ àyà.

Nils Bohlin, ẹnjiníà ilé iṣẹ́ Volvo ní Sweden, ló ṣe bẹ́líìtì tó gba èjìká kọjá sí ìbàdí yìí ní 1959, Volvo sì jẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ yòókù lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Nílé wa níbí, 2003 ni àwọn Road Safety bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú un. Títí dòní, àwọn awakọ̀ kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá rí wọn lókèèrè ni wọ́n á fi bẹ́líìtì kọ́ èjìká láìkì í bọ ilé rẹ̀. Ta ni wọ́n ń tàn?

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti àwa obìnrin. Àpò owó tí a ń so mọ́ abẹ́ ìró, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí ẹ tó de bẹ́líìtì. Egungun ìbàdí ló yẹ kí bẹ́líìtì ìsàlẹ̀ gbà. Bó bá wà lórí àpò tàbí lórí ikùn, ìfun ló máa fún. Aláboyún á dè é sábẹ́ ikùn, ti òkè á gba àárín ọmú méjèèjì kọjá. Kí ẹnikẹ́ni má fi bẹ́líìtì kan de ara rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tó gbé lẹ́sẹ̀, nítorí ara ìyá ló máa tẹ ọmọ náà mọ́ bẹ́líìtì. Ẹ má sì sọ pé ọwọ́ yín á dì í mú: ọmọ oní-kílò 8, nínú ìjàǹbá tí mo sọ lókè yẹn, á wúwo bí àpò ìrẹsì mẹ́ta. Ìjókòó ọmọdé tí a ń dè mọ́ ọkọ̀ ni tirẹ̀.

Ọ̀pọ̀ dánfó tí wọ́n ti tún ìjókòó wọn ṣe kò ní bẹ́líìtì kankan lẹ́yìn mọ́. Ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ wa àti àwọn onímọ́tò gbọ́dọ̀ jókòó sọ nìyẹn. Ẹni tó bá sì fẹ́ ra tòkunbọ̀ láti máa fi kó ọjà, kó fura. Bẹ́líìtì tó ti gba jàǹbá kan rí, aṣọ rẹ̀ ti fà tán, ọ̀pá inú rẹ̀ lè ti lọ́. Kò ṣeé lò mọ́, tuntun ni kí wọ́n fi sí i. Ẹ wò ó bóyá etí rẹ̀ ti ya tàbí òwú rẹ̀ ti tú. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fà á pẹ̀lẹ́, kó jáde; ẹ tú u sílẹ̀, kó padà sílé fúnra rẹ̀; kí ẹ wá já a gbà lójijì. Bó bá jáde wọ̀ọ̀rọ̀wọ́ láìhá, ẹ pe mọkáníìkì kó tú u wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.