Lésà Ò Mọwọ́ Mẹsẹ̀

Lẹ́tà mẹ́ta ló wọlé lóṣù yìí, síídì sì ni gbogbo wọn dá lé. Èyí tó bí mi nínú jù wá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan tó ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn wà ní yunifásítì ni àwọn ti ní Paranoid, àwo tí ẹgbẹ́ olórin Black Sabbath gbé jáde ní 1970. Lọ́dún yìí wọ́n rí i pé wọ́n ti tún síídì náà ṣe, ọ̀rọ̀ remastered sì hàn gàdàgbà lára páálí rẹ̀. Wọ́n rà á. Wọ́n kó ti àtijọ́ lọ fún ṣọ́ọ̀bù àwọn aláàánú tó wà ládùúgbò wọn, kí ààyè lè wà lórí pẹpẹ. Àmọ́ bí wọ́n bá gbọ́ àwo tuntun náà dé orin kẹta, orí á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ sọ́dọ̀ atúnẹ̀rọṣe. Ìyẹn ní lésà ti rẹ̀, ó pààrọ̀ ẹ̀, ó gba 60 pọ́n-ùn. Orí ò yéé fọ́ wọn.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, wọ́n ti lù yín ní jìbìtì.

Mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí bí síídì ṣe ń yí àti ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kó lè dún. Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ mú: lésà kì í kọrin, nọ́ńbà ló ń kà. Bó bá rẹ̀, orin á máa fò, á máa kólòlò, tàbí kí ẹ̀rọ ní òun ò rí àwo kankan nínú ikùn òun. Kò lè sọ gìtá tó dùn di gìtá tó ń ha ni létí. Ẹni tó ń kàwé tí ojú rẹ̀ ti ń ṣú lè fo ìlà, ó lè dákẹ́ lójijì, àmọ́ kò lè sọ ìwé Fágúnwà di ìwé ìròyìn. Ohun tó ń ṣe yín wà nínú àwo náà fúnra rẹ̀, èèyàn ló sì fi síbẹ̀.

Ẹ rántí bí ìyá onígàrí ṣe ń wọn gàrí lọ́jà. Bínú rẹ̀ bá dùn sí yín, á jẹ́ kó ga ṣóńṣó lórí kóńgò, á tún ju èènì sí i. Kóńgò síídì kì í gba èènì. Wọ́n gé ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan nínú orin sí ọ̀nà 44,100, wọ́n sì fi nọ́ńbà sọ bí ohùn ṣe ga tó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àtẹ̀gùn tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n jẹ́ 65,536 láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bẹ́ ẹ bá dórí èyí tó ga jù, ó tán. Etí kóńgò nìyẹn. Ohun tó bá ré kọjá ibẹ̀, kò sí nọ́ńbà tí wọ́n lè fi pè é.

Nígbà tí síídì kọ́kọ́ dé ọjà ní 1982, àwọn tó ń ṣe é bẹ̀rù etí kóńgò yìí. Wọ́n ń da gàrí síbẹ̀ níwọ̀nba, kí ṣóńṣó orí rẹ̀ má bàa kọjá. Ṣóńṣó yẹn ni ìgbà tí Bill Ward, onílù Black Sabbath, bá fi igi lu awọ ìlù gbàì: ohùn á fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, á sì balẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú. Ìyókù orin wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ dáadáa. Ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé ohùn síídì àtijọ́ kéré, tẹ́ ẹ sì ní láti yí nọ́ọ̀bù ẹ̀rọ sókè díẹ̀.

Ní 1994, ilé iṣẹ́ Waves gbé ohun èlò kọ̀ǹpútà kan jáde tí wọ́n ń pè ní L1. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá ohùn dúró ní bíńtín kó tó jẹ́ kó kọjá. Torí bẹ́ẹ̀, ó ti rí ṣóńṣó tó ń bọ̀ kí ìyẹn tó dé, á sì tẹ orí rẹ̀ ba. Ọwọ́ tó ń fá orí kóńgò nìyẹn. Nígbà tí kò bá ti sí ṣóńṣó mọ́, ààyè ti ṣí sílẹ̀. Wọ́n á wá da gàrí kún un títí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ pẹ̀lú etí kóńgò, láti orin àkọ́kọ́ dé orin ìkẹyìn. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà fún yín lórúkọ rìmásítà kò ju báyìí lọ.

Ẹ ó ní, ṣebí gàrí ló pọ̀ sí i yẹn? Ó pọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ onílù yín: bí ìyáàlù àti omele bá ń ké bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ta ló máa mọ ibi tó yẹ kóun ti fi ẹsẹ̀ jó?

Ibi tí ọ̀pọ̀ yín ti ń ṣìnà rèé. Ẹ rò pé kò yàtọ̀ sí kéèyàn yí nọ́ọ̀bù sókè, pé bẹ́ ẹ bá yí i wálẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán. Nọ́ọ̀bù ẹ̀rọ yín ń gbé òkè àti àfonífojì sókè pa pọ̀, ó sì ń sọ̀ wọ́n kalẹ̀ pa pọ̀. Ọwọ́ tó ń fá orí kóńgò kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àfonífojì nìkan ló ń gbé, ó sì ń gé òkè. Bẹ́ ẹ bá yí i wálẹ̀, ohun tó tẹ́ pẹrẹsẹ náà lẹ ó máa gbọ́, àfi pé yóò rọlẹ̀. Etí sì máa ń tan ni jẹ: bí ohùn méjì bá jọra, èyí tó ròkè díẹ̀ ni yóò dà bíi pé ó dáa jù. Ìtànjẹ yìí làwọn tó ń ta àwo gbẹ́kẹ̀ lé.

Ẹ dán an wò. Paranoid méjì ni mo ní nílé. Mo fi ti àtijọ́ sẹ́nu ẹ̀rọ, nọ́ọ̀bù kọjú sí ibi tí ọwọ́ aago ń wà ní aago mọ́kànlá. Mo fi tuntun síbẹ̀, mo sì ní láti dá nọ́ọ̀bù padà sí aago mẹ́sàn-án kí ohùn wọn tó dọ́gba. Mo wá yan orin Hand of Doom. Jẹ́ẹ́jẹ́ ló ń bẹ̀rẹ̀: gìtá báàsì Geezer Butler àti ìlù tí wọ́n rọra ń kàn, bí ẹni ń yọ́ rìn lẹ́yìn ilé onílé. Nígbà tó yá, gìtá Tony Iommi já wọlé. Nínú ti àtijọ́, mo ta gìrì lórí àga, bẹ́ẹ̀ ó ti lé lógún ọdún tí mo ti mọ ibi tó ń já sí. Nínú tuntun, gìtá náà wọlé bí ẹni tó ti jókòó sí yàrá látàárọ̀. Mo ya àwòrán ohùn méjèèjì sórí kọ̀ǹpútà. Èkíní rí bí àpáta Ìdànrè, gogoro níbí, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ́hùn-ún. Èkejì rí bíi búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ń kọ́lé.

Mélòó kan nínú yín máa rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ olórin Metallica ní 2008. Nígbà tí àwo wọn, Death Magnetic, jáde, ohùn rẹ̀ fọ́ yángá. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ẹ̀rọ ṣeré ìdárayá Guitar Hero ló tú àṣírí: orin kan náà wà nínú eré yẹn láìfá lórí tó bẹ́ẹ̀, ó sì dùn jùyẹn lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n tún un ṣe. Ted Jensen, tó ṣe iṣẹ́ àṣekágbá lórí àwo náà, sọ pé bẹ́ẹ̀ ló ti rí kó tó dé ọwọ́ òun.

Kò wá yẹ kẹ́ ẹ lọ máa da gbogbo rìmásítà nù. Òmíràn nínú síídì àkọ́kọ́ kò sunwọ̀n, torí téèpù tí wọ́n ṣẹ̀dà láti ara ẹ̀dà ni wọ́n lò. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ rìmásítà tọkàntọkàn á wá ìyá téèpù gan-an jáde. Téèpù àwọn ọdún 1970 míì ti fa omi mu, ó ti ń lẹ̀, bí wọ́n bá yí i báyìí, yóò bó. Ńṣe ni wọ́n ń fi í sínú ààrò tó lọ́ wọ́ọ́wọ́, bí ìwọ̀n 50 lórí òṣùwọ̀n Celsius, fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ọ̀rinrin inú rẹ̀ tó kúrò. Jimmy Page, onígìtá ẹgbẹ́ Led Zeppelin, fúnra rẹ̀ ló dúró ti iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí àwọn àwo wọn láti 2014. Mi ò lè bú ìyẹn. Àmọ́ ohun tí kò bá sí lórí téèpù, kò sẹ́ni tó lè fi rìmásítà dá a. Téèpù ìdánwò tí àwọn adigunjalè gbà lọ́wọ́ Paul McCartney nígbà tó wá gba ohùn àwo Band on the Run sílẹ̀ nílùú Èkó ní 1973, ó lọ gbére nìyẹn. Wọ́n rìmásítà àwo náà ní 2010, téèpù yẹn ò sì tìtorí ìyẹn padà wálé.

Mo fẹ́ ṣàlàyé bẹ́ ẹ ṣe lè fi kọ̀ǹpútà wọn fífẹ̀ àárín òkè àti ilẹ̀ nínú orin, àmọ́ lẹ́tà méjì tó kù ò jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ ná.

Ẹni tó kọ̀wé láti Ìbàdàn ní òun ń fi ọṣẹ ìfọyín nu síídì òun, òun ń yí ọwọ́ po lórí rẹ̀ bí ẹni ń lọ ata. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣíwọ́! Bí ojú ọ̀nà orin ṣe yí po lẹ̀ ń ha á yẹn, ẹ ó sì pa ọ̀pọ̀ nọ́ńbà tó tẹ̀ léra rẹ̀ rẹ́. Láti àárín lọ sí etí ni kẹ́ ẹ máa nù ún, gbọọrọ. Bí nǹkan bá ha á lọ́nà yẹn, díẹ̀díẹ̀ ló máa bà jẹ́ níbi kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ á sì dí àlàfo náà fúnra rẹ̀. Ẹ tún yéé fi ojú tí wọ́n kọ̀wé sí lélẹ̀. Ojú tó ń dán ní ike tó nípọn tó mìlímítà kan ó lé. Lábẹ́ ìwé ni orin wà, ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bò ó. Ẹ sì gbé ẹ̀rọ yín sá fún atúnẹ̀rọṣe tó bá fa súkúrù kékeré ara lésà yọ tó ń yí i. Iná tó ń lọ sínú lésà ló ń fi kún. Yóò ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yóò kú, ẹ ó tún padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tó sì ń wá náà nìyẹn.

Ẹnì kẹta ra Blizzard of Ozz, ó ní ìlù inú rẹ̀ ṣàjèjì sí òun. Ó tọ̀nà. Àwo Ozzy Osbourne yẹn jáde ní 1980, ṣùgbọ́n nínú èyí tí wọ́n tẹ̀ ní 2002, wọ́n yọ gìtá báàsì Bob Daisley àti ìlù Lee Kerslake kúrò, wọ́n ní kí Robert Trujillo àti Mike Bordin lu tiwọn síbẹ̀. Ìgbà tó di 2011 ni wọ́n dá tàwọn àkọ́kọ́ padà. Dave Mustaine, olórí ẹgbẹ́ Megadeth, náà tún àwọn àwo wọn pò ní 2004, ó sì tún fi ẹnu ara rẹ̀ kọ àwọn ibì kan nínú Rust in Peace ti 1990. Ẹ ka ìwé wínníwínní ẹ̀yìn páálí kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ tún yí àwo síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú ìmọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ wo nọ́ńbà tó yí ihò àárín rẹ̀ ká, torí àwọn kan wà tó ń fi àwo tuntun sínú páálí àtijọ́ láti fi gbówó gegere.

Ẹ̀gbọ́n Peckham, ẹ ò lè rí 60 pọ́n-ùn yẹn gbà mọ́. Àmọ́ bí wọ́n bá ti ń ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù aláàánú yẹn láàárọ̀ ọ̀la, ẹ ti wà níbẹ̀. Kò ní ju pọ́n-ùn kan sí méjì lọ. Ẹ tètè dé o, torí èmi náà mọ ọ̀nà Peckham.