Kòkòrò Agé-ẹ̀ka àti Àfòmọ́

Bí àgbẹ̀ ní agbègbè Ìlaròó tàbí Ayétòrò bá rí i pé ẹ̀ka kajú tàbí kòkó rẹ̀ ń kú, kí ó má ṣe yára di ẹ̀bi ru ọ̀dá tàbí ọwọ́ ayé. Kí ó kọ́kọ́ wo ẹ̀ka náà dáradára, nítorí ọ̀tá méjì ni ó wà tí iṣẹ́ wọn jọra, ṣùgbọ́n tí ìwà wọn yàtọ̀.

Èkíní ni kòkòrò oníwo gígùn tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní Analeptes trifasciata. Ara rẹ̀ dúdú, àmì pípọ́n bí ọsàn sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Àràbà, oṣè àti ìyeyè wà lára oúnjẹ rẹ̀. Nígbà tí àwọn Pọtogí mú kajú wá láti Bùràsíìlì, ó fi ìyẹn kún un. A máa gé ẹ̀ka yíká, bí ẹni tí ó fi ọ̀bẹ yí ìrèké ká, títí yóò fi ku díẹ̀ ní àárín. Abo a sì yé ẹyin sábẹ́ èèpo apá tí yóò já. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, ẹ̀ka a dá, ìdin inú rẹ̀ a sì máa jẹ igi náà títí yóò fi di kòkòrò oníyẹ̀ẹ́.

Èkejì ni àfòmọ́, tí a sábà máa ń rí lára kòkó, obì àti ọsàn. Àwọn àgbà ní àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, gbogbo igi ni ó ń bá tan. Lóòótọ́, kò ní gbòǹgbò nínú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n a máa wọ inú igi lọ, a sì máa mu omi rẹ̀. Ẹyẹ ni ó ń jẹ èso rẹ̀, tí ó sì ń fi kóró rẹ̀ tí ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka mìíràn. Kì í gé ẹ̀ka lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni orí ẹ̀ka ń gbẹ.

Nítorí náà, ìtọ́jú wọn kò rí bákan náà. Kí a gé àfòmọ́ pẹ̀lú ẹ̀ka tí ó wà lára rẹ̀, nísàlẹ̀ ibi tí ó ti wọ igi, kí ó tó so èso. Bí a bá kàn fa ewé rẹ̀ já, yóò tún hù. Bí ó bá ti bọ́ sílẹ̀ ní àìso, ó kú nìyẹn. Ṣùgbọ́n ibi tí ń bẹ nínú ẹ̀ka tí kòkòrò gé kò tán nígbà tí ó ṣubú. Ẹni tí ó kó o jọ sẹ́yìn ilé fún igi ìdáná, tí ó sì fi í sílẹ̀ di ọdún mìíràn, ọmọ ọ̀tá ni ó ń tọ́. Kí a ṣa gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tí ó há sórí igi, kí a sì sun ún kí ìdin tó di kòkòrò.