Ṣé O Mọ̀? Sáyẹ́ǹsì Ń Bẹ Nínú Búlọ́ọ̀kù Ìṣeré

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó dá jẹ́lé-ó-sinmi sílẹ̀ ní Jámánì ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ nídìí òkúta dídán ní Berlin? Friedrich Froebel ni. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní Bad Blankenburg lọ́dún 1837, búlọ́ọ̀kù onígi wà lára ohun tó ṣe fún àwọn ọmọdé. “Ọgbà ọmọdé” ló sọ ilé ẹ̀kọ́ náà ní 1840. Orúkọ tirẹ̀ wù mí ju tiwa lọ, torí ọmọ ló rò, kì í ṣe ilé.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀kan nínú búlọ́ọ̀kù Froebel jẹ́ igi tí gbogbo ìhà rẹ̀ dọ́gba, tó pín sí kéékèèké 8? Ọmọ tó bá tò wọ́n padà ti fojú ara rẹ̀ rí i: bí gígùn, ìbú àti gíga bá di ìlọ́po méjì, ìwúwo á di ìlọ́po mẹ́jọ.

Ṣé o mọ̀ pé bí o bá to igi pẹlẹbẹ mẹ́rin léra, ti òkè pátápátá lè yọ kọjá etí tábìlì tán, kó má sì já bọ́? Jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 24. Ka wọ́n láti òkè: àkọ́kọ́ yọ ju ìkejì lọ ní 12, ìkejì ju ìkẹta lọ ní 6, ìkẹta ju ìkẹrin lọ ní 4, ìkẹrin ju etí tábìlì lọ ní 3. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 25. Dín yíyọ ọ̀kọ̀ọ̀kan kù ní mìlímítà 2, torí kò gba àṣejù. Èmi àti ọmọ mi dán an wò. Ó wó lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó di èémí mú, ó fi orí ìka ti ti òkè díẹ̀díẹ̀, ó sì dúró. N kò tíì dárúkọ òòfà ilẹ̀ fún un rí, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ti mọ ibi tí ìwúwo igi kó sí.

Ṣé o mọ ìdí tí bíríkìlà kì í fi í jẹ́ kí ojú ìsopọ̀ búlọ́ọ̀kù bọ́ sórí ara wọn? Bi ọmọ tí ògiri rẹ̀ là sí méjì.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ méjì tó túmọ̀ sí “ṣeré dáadáa” lédè Denmark ni wọ́n gé kúrú di LEGO? Búlọ́ọ̀kù LEGO ti ọdún 1958 ṣì ń wọ inú ti òní. Mẹ́fà péré, oníkókó 8, aláwọ̀ kan náà: ọ̀nà 915,103,765 la lè gbà tò wọ́n.

Kò sówó LEGO? Agolo mílíìkì àti páálí ìṣáná tó láti bẹ̀rẹ̀. Gbé ẹ̀gbẹ́ kan pákó sókè: agolo á yí lọ, páálí á di mọ́ ojú pákó títí o fi gbé e ga sí i. Ọmọ á bi ọ́ pé kí ló dé. Má tíì sọ fún un.