Kí Á Tó Pààrọ̀ Díìsìkì

Bí kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ bá ń falẹ̀, ẹ má tíì sọ ọ́ nù. Lọ́pọ̀ ìgbà, díìsìkì inú rẹ̀, tí ó sábà ń yí ní ìgbà 5400 ní ìṣẹ́jú kan, ni ó ń fà á sẹ́yìn. SSD oní-ínǹṣì 2.5 kò ní ohun tí ń yí nínú. Ó yá jù ú lọ, ó sì máa ń bọ́ sí àyè rẹ̀ bí ẹnu àwọn méjèèjì bá jẹ́ SATA.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣe àdàkọ orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti oríkì tí ẹ gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Ẹ yọ bátìrì kí ẹ tó tú ẹ̀rọ. Ẹ fi díìsìkì àtijọ́ pamọ́ títí ẹ ó fi gbọ́ gbogbo ohùn náà lórí tuntun. Díìsìkì wà lọ́jà. Ohùn àgbà tí ó ti wọ káà ilẹ̀ kò sí níbẹ̀.